Alphonse Tó Fi Kọ́ọ̀lù Bàtà Lẹ Ìyẹ́ Odídẹrẹ́

Ìyẹ́ kan bọ́ lára odídẹrẹ́, Alphonse ní ayé òun ti bàjẹ́.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹyẹ náà kì í ṣe tirẹ̀. Bàbá Esdras ló ni ín, baba Déborah, ọmọbìnrin tí Alphonse fẹ́ fi ṣaya. Baba ń lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní Kùtọnú, ló bá gbé àgò ẹyẹ lé àna ọ̀la lọ́wọ́ ní Bantè.

"Dírẹ́tọ̀ rè é," ni baba wí. Orúkọ ẹyẹ náà nìyẹn. "Bí mo ṣe fi í sílẹ̀ ni kí n ṣe bá a. Ẹni tí kò lè tọ́jú ẹyẹ, kí ló fẹ́ fi ọmọ mi ṣe?"

Baba lọ.

Fìrì, ìyẹ́ kan. Fìrì, òmíràn. Kó tó di ìparí ọ̀sẹ̀, abẹ́ àgò ti dà bí ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ti pa adìyẹ ìgbéyàwó.

Àdúgbò gbà á nímọ̀ràn. Iná mànàmáná lè wọ́n ní Bantè, ìmọ̀ràn kì í wọ́n. Falilatou tó ń ta bẹntiróòlù inú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà ló kọ́kọ́ dé.

"Ẹyẹ yìí ń ṣàárò baba ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ń tu ìyẹ́ ara rẹ̀."

"Ṣé ẹ rí i tó ń tu ú?"

"Ṣé ojú mi ni yóò ti tu ú? Ẹyẹ tó gbọ́n tó yẹn?"

Ọ̀rọ̀ wọ Alphonse lára. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ọmọkùnrin yìí, bàtà ló ń tún ṣe. Lójú tirẹ̀, ohun tó bá já, lílẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà já, lẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ báàgì já, lẹ̀ ẹ́. Ìyẹ́ já…

Ẹ ti mọ̀.

Ó ṣa ìyẹ́ jọ. Ó ṣí agolo kọ́ọ̀lù bàtà, àtè tó fi ń lẹ àtẹ́lẹsẹ̀. Ó fi aṣọ wé Dírẹ́tọ̀ lórí. Pẹ́ẹ̀, ó lẹ ọ̀kan. Pẹ́ẹ̀, ó lẹ òmíràn. Ẹyẹ ń ké bí olè tọ́wọ́ tẹ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ti gbé díẹ̀ lára ìyẹ́ lọ, èyí tó kù kò kárí. Alphonse wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí ẹtù Falilatou tó ń jẹ̀ kiri.

Àwọ̀ eérú ṣáà ni àwọ̀ eérú.

Ẹ̀rín ń pa mí o. Ó tu ìyẹ́ ẹtù, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ odídẹrẹ́ láyà, tòun ti àmì funfun tótòtó!

Ilẹ̀ mọ́, ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Kọ́ọ̀lù ń fà á lára. Fàà, ó fi ẹnu tu ti àyà. Fàà, ó tu ti itan. Èyí tí Alphonse lẹ̀ àti èyí tí Ọlọ́run lẹ̀, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀, àfi ìyẹ́ ẹtù kan tí kọ́ọ̀lù dì mú láyà.

Alphonse gbé àgò sórí alùpùpù, ó di Savalou lọ́dọ̀ Sabine, dókítà ẹran.

"Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án," ni Sabine bi í, "ibi tí ìyẹ́ ti ń bọ́, ṣé awọ rẹ̀ hàn?"

"Rárá, Dókítà. Àwọn kékeré kan ń yọ níbẹ̀ bí ẹ̀gún."

"Apá ọ̀tún àti ti òsì ńkọ́?"

"Bákan náà ni."

"Arákùnrin, ó ń pààrọ̀ ìyẹ́ ni. Gbogbo ẹyẹ ló ń ṣe é. Ti àtijọ́ ń bọ́, tuntun ń yọ. Èyí tó bá ń tu ara rẹ̀, àyà rẹ̀ ni yóò pá. Orí nìkan ni kì í pá, nítorí ẹnu rẹ̀ kò dé ibẹ̀."

Alphonse wo Dírẹ́tọ̀. Àyà pá. Itan pá. Orí kún bíi ti mínísítà.

"Ẹyẹ tó ń pààrọ̀ ìyẹ́ lẹ fi kọ́ọ̀lù sọ di ẹyẹ tó ń tu ìyẹ́," ni Sabine wí. "Ẹ dúró, kí n pe àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wá wòran."

"Wá wo ẹyẹ?"

"Rárá. Ẹ̀yin."

Ó yọ kọ́ọ̀lù tó ṣeé yọ, ó ní ìyẹ́ yóò hù padà, àmọ́ yóò pẹ́.

Bàbá Esdras kò pẹ́.

Wọ́n ti tún ojú rẹ̀ ṣe, ó ń rí èèrà lórí òrùlé. Òun àti Déborah jọ wọlé, ó ṣí aṣọ lórí àgò.

"Alphonse."

"Bàbá."

"Odídẹrẹ́ ni mo fi sílẹ̀. Ìgbà wo ló fẹ́ ẹtù?"

Alphonse dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́ látòkèdélẹ̀.

"Ọdọọdún ló ń pààrọ̀ ìyẹ́," ni baba wí. "Ohun tí Ọlọ́run ní kó bọ́, ìwọ ní kó padà. Mi ò fún ọ lọ́mọ mọ́. Lọ́la, irun Déborah á máa já, ìwọ á gbé agolo kọ́ọ̀lù."

Alphonse wo Déborah. Déborah wo ilẹ̀.

"Bàbá," ni Déborah wí jẹ́jẹ́, "wíìgì orí mi yìí… kí atẹ́gùn má baà gbé e lórí alùpùpù ni… Alphonse ló bá mi lẹ̀ ẹ́."

Baba na ọwọ́, ó fa wíìgì. Kò mì. Ó tún fà á. Déborah tẹ̀ lé wíìgì wá síwájú.

Baba jókòó. Ó wo ẹyẹ, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo Alphonse.

"Máa mú ọmọ mi lọ," ló wí. "Ìwọ tó lẹ̀ ẹ́ nìkan ló mọ bó ṣe ń ṣí."