Àkànó Ro Òdòdó Ìlú

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ gan-an ló kọ́kọ́ débẹ̀, nínú agbádá, tó fi ìpara pa ojú dán. Àkànó ni. Ó rò pé wọ́n fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ òun ni.

Ààfin yìí, ilé Baálẹ̀ Ìsàlẹ̀-Odò ni, láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n. Baálẹ̀ ló ń pè é ní ààfin, a ò sì bá a jà.

Ọdún méjì ni ará ìlú fi la ọ̀nà ẹsẹ̀ gba àfonífojì, kí àlejò lè máa rìn níbẹ̀, kí wọ́n máa wo òdòdó igbó àti ẹranko. Àwọn àkọ́kọ́ ń bọ̀ láti Òṣogbo ní Sátidé tó ń bọ̀. Àkànó, ẹni tí ewé kan ò gbọdọ̀ sùn mọ́jú lágbàlá rẹ̀, bá gbé ọkọ́ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Tíṣà Mọ́ríátù, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ òdòdó kọ̀ọ̀kan sára pákó, kúnlẹ̀.

"Kí ẹ pẹ́ o, Bàbá. Àràárọ̀ ni mo máa ń lọ kí àwọn òdòdó yẹn. Mo débẹ̀, pákó nìkan ló kù. Ilẹ̀ ń dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá!"

Inú Àkànó dùn. "Ó dán lóòótọ́. Ẹ ṣeun, Tíṣà."

"Ẹ gbọ́ o! Ó tún ń dúpẹ́!"

"Àkànó," Baálẹ̀ ní, "ìwọ lo ro òdòdó ìlú?"

"Òdòdó kẹ̀, Bàbá? Koríko ni mo ro. Àlejò ń bọ̀, a ò ní tọ́jú ilẹ̀? Mo ka pákó wọn o. Imí-eṣú ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ta ni yóò wọ mọ́tò láti Òṣogbo wá wo imí-eṣú?"

"Òdòdó rẹ̀ dà bí aró tuntun!" Tíṣà ní.

"Patanmọ́ ńkọ́, tó gún mi lẹ́sẹ̀?"

"Tí mo bá fọwọ́ kàn án, á tẹ ara rẹ̀ ba, á kí mi padà."

"Ẹ má bínú, Tíṣà. Ta ló ń kí koríko?"

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín. Hameed ọdẹ dìde láti gbe Àkànó.

"Bàbá, kò lé ẹranko kankan lọ. Ẹranko ò gbébẹ̀ rí."

"Rí?"

"Rárá o. Ọ̀yà tí mo pa níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ìkẹyìn."

Baálẹ̀ wúkọ́. Òun ló jẹ itan ọ̀yà náà. "Ẹlẹ́rìí tó kàn!"

Rísíkátù ni, tó ní ṣọ́ọ̀bù létí ọ̀nà. "Mo bẹ Bọ̀dá Àkànó kí wọ́n má ro ó. Mo sunkún gan-an."

"Ìwọ kọ́ lo ní kí n bá ẹ ro iwájú ṣọ́ọ̀bù?"

"Mo ti nujú nígbà yẹn."

Baálẹ̀ fọwọ́ lérán. "Koríko tó o ro, níbo lo kó o dà sí?"

"Ẹ̀yìnkùlé mi, Bàbá. Mi ò lè da ìdọ̀tí sójú ọ̀nà ìlú."

"Ó ti so?"

"Irúgbìn kún inú rẹ̀."

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Gbé ọkọ́ rẹ wá. Ààfin ni yóò máa gbé fún ọdún kan. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tu ewé kan lágbàlá rẹ. Tó bá ti hù, ibẹ̀ ni àlejò yóò ti máa wo òdòdó. Láràárọ̀, wàá dọ̀bálẹ̀, wàá kí koríko kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Tíṣà ni yóò máa gbọ́ ọ."

"Bàbá, ẹ kúkú nà mí! Àgbàlá yẹn nìkan ni iyì tí mo ní láyé!"

Wọ́n ti gbé ọkọ́ wọlé.

Láàárọ̀ yìí, patanmọ́ kan tó já bọ́ lọ́jọ́ tó ń kó koríko náà relé ti fìdí múlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Àkànó. Ọwọ́ ń yún un. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bẹ̀rẹ̀ láti fà á tu. Tíṣà Mọ́ríátù wúkọ́ lẹ́yìn ògiri.

Àkànó na gbalaja sílẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, Patanmọ́."

Èémí rẹ̀ kan ewé náà, ewé náà sì pa dé.

"Ó ti dáhùn," Tíṣà ní. "Ó ní ṣé dáadáa lo jí?"