Ṣówándé, Akọni Tó Dojú Ìgò Òdòdó Délẹ̀

Ẹ sún mọ́bí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó tó tutù. Ẹ wárí fún Ṣówándé, ọmọ ọmọ Ṣódípẹ̀ ará Ìgbẹ̀in, Ṣódípẹ̀ tó lọ sí báǹkì lọ́jọ́ kìíní tí wọ́n ṣí i, tó rò pé atẹ́gùn lásán ló wà lẹ́nu ọ̀nà, tó fi iwájú orí kọ lu ilẹ̀kùn gíláàsì, tí gíláàsì sán kù, tí Ṣódípẹ̀ dúró gbọn-in bí àpáta Olúmọ, tó ní, "Ta ló gbá mi?" Ọjọ́ yẹn ni ìdílé wọn búra pé gíláàsì ò ní tan àwọn jẹ mọ́. Ṣódípẹ̀ bí Ṣófọlá tó ń gé gíláàsì ojú fèrèsé. Ṣófọlá bí Ṣówándé, erin tí ń rìn láàárín ìgò tí ìgò ò mira, ẹkùn tó ń wo gíláàsì tí gíláàsì ń làágùn, géńdé ogójì ọdún tí ìyàwó ẹ̀ ò gbà kó fọ ife nílé, nítorí pé ó máa ń fọ́ ọ.

Ogun wá dé. Bàbá Ọlásùnbọ̀ kú, Sátidé ni wọ́n fẹ́ pín ogún, ohun tó sì dá ìjà sílẹ̀ kì í ṣe ilé, kì í ṣe ilẹ̀. Ìgò òdòdó ni, fáàsì aláwọ̀ ewé kan báyìí tó ti ń ru òdòdó oníke lórí tábìlì pálọ̀ láti ayébáyé. Ìyá Ọlásùnbọ̀, ìyàwó olóògbé, ní ọkọ òun ló rà á fún òun nígbà tóun bí àkọ́bí lọ́dún 1967. Mopélọ́lá, àbúrò ọkọ ẹ̀ obìnrin, ní rárá, bàbá àwọn tó kú lọ́dún 1961 ló gbà á lọ́wọ́ òyìnbó kan, ti agboolé ni, ó sì gbọ́dọ̀ padà sí agboolé. Ìyá Ọlásùnbọ̀ ò bèèrè nǹkan mìíràn nínú ogún o. Nínú gbogbo ohun tí ọkọ ẹ̀ rà fún un láyé, ìgò yẹn nìkan ni kò tọrọ kó tó rí i gbà.

Ẹ kúkú mọ bí wọ́n ṣe ń jà lọ́dọ̀ wa. Ìyàwó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, àbúrò ọkọ ò ju márùndínlọ́gọ́rin lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ ni. Bí Ìyá bá fẹ́ bú u, á kọ́kọ́ kúnlẹ̀.

"Ìbàdíàrán mi, ẹ dákun, irọ́ lẹ̀ ń pa."

"Ìyàwó wa, dìde, eékún ń dùn ẹ́."

"Orí eékún yìí náà ni n ó ti gbà á lọ́wọ́ yín."

Ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí Ṣówándé. Ó dé tòun ti agbádá, ó mú tọ́ọ̀ṣì dání, ó mú awò bàbá ẹ̀ tó ń sọ èèrà di ẹṣin. Ó fa òdòdó oníke yọ lẹ́nu ìgò bí ìgbà tí balógun ń ṣí adé lórí ọba tí wọ́n ṣẹ́gun, ó dojú ìgò délẹ̀, ó wo ìdí ẹ̀. Kò sí nǹkan kan! Kò sí orúkọ, kò sí ọdún, ìdí mọ́ bí ìdí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Akọni ò mikàn. Ó wá ìdodo, torí ìgò tí wọ́n bá fẹnu fẹ́ máa ń ní àpá bí ìdodo nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ kúrò lórí irin tí wọ́n fi fẹ́ ẹ. Kò rí ìdodo. Ó fi èékánná tọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó bá ìlà tín-ínrín kan láti òkè délẹ̀, àpá ibi tí ẹnu ẹ̀rọ ti pàdé.

"Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́!" Ó bú ramúramù.

"Ọdún wo?" Mopélọ́lá bi í.

Akọni tún gbé awò sójú.

"Ṣówándé, mi ò ní kó o bá mi wá ìdodo. Ṣé ìwọ lo fẹ́ mọ gíláàsì, ìwọ tí bàbá bàbá ẹ fi orí kanlẹ̀kùn?"

Háà! Òógùn bo akọni. Ìyá ti ń nu ojú. Níbẹ̀ ni Ṣówándé ti rí i pé, nínú àwọn ewé tó yọ lára ìgò, ewé kẹta ò ní ṣónṣó. Kì í ṣe pé ó kán o, bó ṣe jáde lẹ́nu ẹ̀rọ nìyẹn. Níbo lòun ti rí ewé yìí rí? Ṣé ẹ rí i, bí gbogbo ìjọ bá dijú gbàdúrà lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ̀ṣẹ̀ Ṣówándé ni pé ó máa ń lajú wo gíláàsì. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún ló wá di ògo!

Ó kó obìnrin méjèèjì, ó di ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgò òdòdó wà lórí pẹpẹ lóòótọ́, aláwọ̀ ewé, ewé kẹta ò ní ṣónṣó, ọmọ ìyá kan náà. Bàbá tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì ò jẹ́ kí omi kàn án rí, ìyẹ́ adìyẹ ló fi ń gbọn ọ́n. Ṣówándé dojú ẹ̀ délẹ̀, eruku ọgbọ̀n ọdún sọ, akọni sín, òrùlé dáhùn bí ìgbà tí àgbá ró. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, bébà kékeré kan lẹ̀ mọ́ ìdí ìgò: *Ilé-iṣẹ́ Gíláàsì Ayédùn, Ìbàdàn. A dá a sílẹ̀ ní 1966.*

"Ìbàdàn?" Mopélọ́lá já awò gbà, òun náà kà á.

Ìyá kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́. "Ìbàdíàrán mi, bàbá wa ti kú lọ́dún márùn-ún kí wọ́n tó dá ilé-iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ṣé ọ̀run ni wọ́n ti wá ná an?"

Mopélọ́lá bẹ̀rẹ̀, ó fà á dìde. "Máa mú u lọ, ìyàwó wa. Ẹ̀gbọ́n mi rà á fún ẹ."

"Ṣùgbọ́n Ìyá," Ṣówándé ní, "kí ló dé tí tiyín ò ní bébà?"

"Bébà kẹ̀? Èmi tí mò ń fi ọṣẹ àti eérú fọ̀ ọ́ ní gbogbo Sátidé!"

Ibi tí akọni ti ń na apá agbádá kó lè gba ìyìn ni Ìyá ti yọ́ gbé ìgò ṣọ́ọ̀ṣì. Inú ẹ̀ dùn, kò mọ oore tó lè ṣe. "Nínú ilé Ọlọ́run, irú eruku yìí!" Kí wọ́n tó yíjú, ó ti dé ìdí ẹ̀rọ omi, ọṣẹ ti hó, bébà ti bá omi lọ.

Nítorí náà, kí Ìgbẹ̀in gbọ́, kí Olúmọ gbọ́, kí gíláàsì tó wà lójú fèrèsé gbogbo dúró tì í: kò sí ìwé kankan mọ́ lábẹ́ ọ̀run tó mọ ẹni tó ṣe ìgò òdòdó wọ̀nyí àti ìgbà tó ṣe wọ́n. Ó ku Ṣówándé nìkan, ọmọ Ṣófọlá, ọmọ ọmọ Ṣódípẹ̀, àkànṣe awógíláàsì, tó wọlé tìlù-tìfọn ẹnu ara ẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí ìyàwó ẹ̀ sì ní, "Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ẹ rọra gbé ife yẹn sílẹ̀."