Wẹ́dà Tó Jó Irin Pa Fóònù Mọ́

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, ọ̀pá ni àwọn ọkùnrin méjì fi gbé e wọlé. Àpótí irin ńlá kan ni. Wọ́n jó o pa yíká, kò ní ilẹ̀kùn, kò ní ìdérí, àfi ihò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wáyà iná gbà yọ jáde. Wọ́n gbé e kalẹ̀ gbì níwájú Kábíyèsí. Olóyè Àgbà, tí oorun ti ń gbé lọ lórí àga, ta jí.

"Ta ló kú?" ni wọ́n béèrè.

"Kò sẹ́ni tó kú, bàbá. Fóònù mi ló wà nínú ẹ̀."

Ìyá Télọ̀ ló dáhùn. Àwọn ló pẹjọ́. Téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn wọn, abẹ́rẹ́ ṣì wà láyà ẹ̀wù wọn. Ó hàn pé ìdí iṣẹ́ ni wọ́n ti bínú dìde.

Ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ dúró lápá kejì, ó gbé gíláàsì dúdú tí wọ́n fi ń wo iná síwájú orí. Àbúrò ọkọ wọn ni. Wẹ́dà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí kò sí ìṣòro téèyàn máa kó bá a tí kò ní ní kí wọ́n gbé irin wá.

Kábíyèsí ní, "Ìyá Télọ̀, rojọ́ rẹ."

"Kábíyèsí, kádé pẹ́ lórí. Fóònù mi ni kì í jẹ́ kí n gbádùn. Àpúdéètì! Mi ò pè é, mi ò bẹ̀ ẹ́. Mo lè máa wo sítáì oníbàárà lójú fóònù, kí n máa gé aṣọ lọ, fóònù á kàn ṣókùnkùn. Ó ní òun ń tún ara òun ṣe. Kó tó tàn padà, mo ti gé apá mẹ́ta sára ẹ̀wù ẹni ẹlẹ́ni."

"Apá mẹ́ta?"

"Ó ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, Kábíyèsí. Mo ń wá ẹni tó máa bá mu."

Àwọn ìjòyè wo ara wọn.

"Bó bá sì fi máa tún ara ẹ̀ ṣe tán, gbogbo nǹkan á ti kó lọ síbòmíràn. Ibi tí mo máa ń tẹ̀ kí n tó pe ọmọ mi obìnrin, ó gbé e lọ. Mo tẹ ibẹ̀, mo ní, 'Olólùfẹ́ mi, ikùn ńkọ́? Ṣé ó ń yí?' Àṣé onílé wa ni mo pè."

"Kí ni onílé wí?"

"Ó ní ó ń yí díẹ̀díẹ̀."

Ààfin bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Télọ̀ nìkan ni ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Oyún àkọ́kọ́ ọmọ mi nìyí, ibi tó wà sì jìn sí wa. Ọ̀sẹ̀ yìí ni dókítà ní ó máa bí. Àdéhùn èmi àti ẹ̀ ni pé èmi ni yóò kọ́kọ́ pè, èmi ni yóò kọ́kọ́ rí ojú ọmọ náà. Ìdí tí mo fi gbé fóònù fún ọkọ mi yìí nìyẹn," wọ́n nawọ́ sí Wẹ́dà, "pé kó bá mi dá àpúdéètì dúró, kí fóònù má lọ ṣókùnkùn lọ́jọ́ tí mo nílò ẹ̀ jù. Ojoojúmọ́ ló ń sọ pé ó kù díẹ̀. Ìgbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ láàárọ̀ yìí, ohun tí mo bá nìyí!"

Wọ́n gbá àpótí náà lábàrá, ni wọ́n bá di ọwọ́ mú. Irin ò mọ̀ pé wọ́n ń bínú.

Olóyè Àgbà na ọrùn. "Ọkọ rẹ nìyí?"

"Àbúrò ọkọ mi ni, bàbá. Mo bá a nílé ni. Bí inú ṣe ń bí mi tó yìí náà, mi ò lè pè é lórúkọ."

Kábíyèsí yíjú. "Wẹ́dà, ṣé òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ?"

Wẹ́dà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Òótọ́ ni, Kábíyèsí. Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́."

"A ò yìn ọ́."

"Ẹ máa tó yìn mí. Kábíyèsí, ẹni tí olè bá ń gba fèrèsé wọlé ẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ló ń wá? Ọ̀dọ̀ mi ni. Kí ni mo máa ń ṣe fún un? Irin ni mo máa ń jó sójú fèrèsé. Wàyí o, nǹkan kan ń gba afẹ́fẹ́ wọ inú fóònù ìyàwó wa. Kì í kan ilẹ̀kùn. Ó ń kó ẹrù ibí lọ sọ́hùn-ún. Kí ni wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀?"

"Olè," ni Olóyè Àgbà wí.

"Ẹ ò gbọ́ lẹ́nu àgbà? Ni mo bá jó irin!"

Kábíyèsí ní, "O ò kọ́kọ́ wo inú fóònù náà, bóyá ibì kan wà tí wọ́n ti ń dá a dúró?"

"Há! Fóònù obìnrin, Kábíyèsí? Tó tún jẹ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi? Kí n wá máa tú inú ẹ̀ wò? Wọ́n kọ́ mi nílé o."

"Iná ńkọ́? O ò rò pé iná máa jó o?"

"Mo rò ó dáadáa. Okùn ni mo fi so ó rọ̀ sáàárín àpótí, bí ìgbà téèyàn so àtùpà kọ́. Iná ò tó ọ̀dọ̀ ẹ̀. Èmi kì í ṣe iṣẹ́ wúruwùru."

"Kí wá ni ihò yìí?"

"Wáyà tó ń gba iná sí i ló gbabẹ̀ wọlé. Fóònù gbọ́dọ̀ jẹun. Èmi kì í ṣe ìkà."

Kábíyèsí fọwọ́ lẹ́rán. "Tí Ìyá Télọ̀ bá wá fẹ́ fi pe èèyàn ńkọ́?"

Wẹ́dà ronú sí i.

"Kábíyèsí, ìyẹn ò sí nínú iṣẹ́ tí ìyàwó wa gbé fún mi."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Ọkọ Ìyá Télọ̀ ló kọ́kọ́ jáde, bíríkìlà ni wọ́n, símẹ́ǹtì ò tíì kúrò léèékánná wọn.

"Kábíyèsí, èmi ò sí níbẹ̀ rárá. Mo kàn gbọ́ ọ bí gbogbo ayé ṣe gbọ́ ọ ni."

Wẹ́dà fò sókè. "Ẹ̀gbọ́n! Ta ló bá mi di irin mú?"

"Mo kàn ń kọjá lọ ni."

"Ẹ ń kọjá lọ, ẹ wá di gbogbo igun ẹ̀ mú lọ́kọ̀ọ̀kan?"

"Irin fẹ́ ṣubú lé e lẹ́sẹ̀, Kábíyèsí. Ṣé kí n máa wò ó?"

Ìyá Télọ̀ yíjú sí ọkọ wọn, wọn ò kánjú yí i. "Bàbá Ọmọ. Ẹ wà níbẹ̀."

"A máa sọ ọ́ nílé."

"A ò ní sọ ọ́ nílé. Ibí la ti máa sọ ọ́."

Ẹlẹ́rìí kejì ni Ìyá Alágbàfọ̀. Ògiri kan náà ni ṣọ́ọ̀bù wọn àti ti Wẹ́dà jọ ní.

Kábíyèsí bi wọ́n: "Ǹjẹ́ àpótí yìí dún rí létí rẹ?"

"Rárá o. Àpótí jẹ́jẹ́ ni. Kò dún rí."

Wẹ́dà gbọn ẹ̀wù. "Ẹ ti gbọ́! Afẹ́fẹ́ kankan ò wọbẹ̀!"

"Àkùkọ inú ẹ̀ nìkan ló ń kọ," ni Ìyá Alágbàfọ̀ fi kún un.

Kábíyèsí na etí sí àpótí.

"Àkùkọ wo?"

"Èyí tí wọ́n ń sìn sínú ẹ̀ ni. Láti àná ni kò tilẹ̀ sinmi mọ́. Àánú ẹ̀ ṣe mí, mo ń da àgbàdo fún un látẹnu ihò yẹn."

"Ṣebí o ní kò dún rí?"

"Àpótí lẹ bi mí, Kábíyèsí. Ẹ ò bi mí ní ti adìyẹ."

Ìyá Télọ̀ ti ká ọwọ́ lé orí. "Àkùkọ! Mo gbé! Ohùn tí mo fi sí ọmọ mi nìyẹn! Tó bá ti ń pè mí, àkùkọ ló máa ń kọ! Ọmọ mi ti ń pè mí láti àná!"

Ọ̀rọ̀ ò tíì kúrò lẹ́nu wọn tí àpótí fi dáhùn.

"Kókóróòkóòò!"

Fóònù ń gbọ̀n lórí okùn, ó ń gbá ara ẹ̀ mọ́ irin: gbó, gbó, gbó. Ìyá Télọ̀ sáré, wọ́n fẹnu bọ ihò. "Hẹ́lò! Ọmọ mi! Mo wà níbí! Má tíì pa á!"

"Ẹ gbé e!" ni Olóyè Àgbà ń pariwo. "Ẹ gbé fóònù!"

"Kí la máa fi gbé e, bàbá?"

Wẹ́dà ti já igi ìgbálẹ̀ kan, ó kì í bọ ihò, ó ní òun fẹ́ tẹ ojú ẹ̀. Àgbàdo ló ń tibẹ̀ jáde. "Mo ti kàn án! Mo ti kàn án! Rárá, okùn ni."

Àkùkọ dákẹ́. Lẹ́yìn náà, orin kékeré kan dún láti inú irin, tín-tin-tíín, èyí tó máa ń dún tí fóònù bá ń pa ara ẹ̀. Ìyá Télọ̀ mọ orin náà. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Àpúdéètì nìyẹn," ni wọ́n wí, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. "Inú ibẹ̀ náà ló bá a dé."

Kábíyèsí wo Wẹ́dà. "Olè ti wọlé."

"Ihò yẹn ni, Kábíyèsí. Mo mọ̀ pé ihò yẹn máa dá nǹkan sílẹ̀."

Ìgbà yẹn ni fóònù dún lápò Bíríkìlà, fóònù pẹlẹbẹ onítọ́ọ̀ṣì kan báyìí. Wọ́n gbé ohùn ẹ̀ sókè kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Dádì! Mọ́mì ò gbé fóònù láti àná! Mo ti bímọ o! Obìnrin ni!"

Ààfin hó yèè. Kábíyèsí alára pàtẹ́wọ́. Ìyá Télọ̀ já fóònù gbà. "Ọmọ mi, o kú ewu! Ojú ẹ̀ ńkọ́? Ta ló jọ?"

"Mọ́mì, mo ti fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ẹ ò tíì wò ó ni?"

Ìyá Télọ̀ wo fóònù ọwọ́ wọn, tí kò mọ̀ ju kó tan iná lọ. Wọ́n wo àpótí. Gbogbo wa wo àpótí.

"Ọmọ mi, ojú ọmọ ẹ wà nínú irin."

"Irin kẹ̀?"

"Bàbá Kékeré ẹ ló bá mi dá àpúdéètì dúró."

"Ìyẹn le ni? Ẹ kàn máa wọ ibi tí wọ́n ti ń to fóònù ni, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ àpúdéètì sí, ẹ tẹ bọ́tìnnì kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kó kú. Ó tán."

Wẹ́dà sún mọ́ fóònù náà. "Ìka lásán la máa fi tẹ̀ ẹ́?"

"Ìka lásán, Bàbá Kékeré."

Wẹ́dà mi orí. "Ìyẹn ò lè lágbára."

Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè forí korí. Ọ̀rọ̀ náà ò pẹ́ lẹ́nu wọn.

"Wẹ́dà, dúró dáadáa kó o gbọ́ ìdájọ́ rẹ. Ayùn irin ni wàá fi gé àpótí yìí, níbí, lójú mi. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí iná, kó má lọ ta sójú ọmọ tuntun. Bíríkìlà, ìwọ tó o ń kọjá lọ lọ́jọ́sí, máa kọjá bọ̀ níbí, kó o wá di irin mú. Títí àpótí á fi ṣí, Wẹ́dà, ìwọ ni fóònù ìyàwó yín. Ẹni tó bá fẹ́ bá sọ̀rọ̀, wàá sáré lọ jíṣẹ́, wàá sáré mú èsì bọ̀. Bó bá sì pè ọ́, kọ bí àkùkọ kó o tó dáhùn."

"Kábíyèsí, bí ebi bá ń pa mí ńkọ́?"

"Ìyá Alágbàfọ̀ ní àgbàdo."

Kábíyèsí yíjú sí àwọn ọkùnrin tó gbé àpótí wọlé.

"Ẹ lọ gbé ẹ̀wù alápá mẹ́ta yẹn wá. A ti rí ẹni tó máa bá mu. Òun ni yóò wọ̀ ṣe iṣẹ́ náà, kò sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ẹ̀."

"Kí n má pààrọ̀ ẹ̀? Bó bá dọ̀tí ńkọ́?"

"Pípààrọ̀ kẹ̀? Àpúdéètì nìyẹn. Ìyàwó yín ò fẹ́."

Bí Wẹ́dà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ayùn rẹ́ irin nìyẹn, tí apá kẹta ẹ̀wù ń fì lẹ́yìn ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Bíríkìlà di igun mú, wọn ò gbójú sókè. Ìgbà tó ṣe díẹ̀, Ìyá Télọ̀ pè é.

"Fóònù!"

"Kókóróòkóò! Hẹ́lò."

"Bá mi sọ fún onílé pé ọmọ mi ti bí o."

Wẹ́dà sáré lọ, ó sáré dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Kókóróòkóò! Onílé ní ẹ kú oríire. Ó ní tòun ò tíì."

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ àpótí náà tó já. Àgbàdo ya lulẹ̀ bí òjò. Fóònù ń fì lórí okùn, ó mọ́ tónítóní, ó ti tún ara ẹ̀ ṣe tán. Ìyá Télọ̀ já a gbà. Gbogbo nǹkan ti kúrò níbi tí wọ́n fi í sí. Wọ́n tẹ ibí, wọ́n tẹ ọ̀hún. Lójijì wọn ò tẹ nǹkan kan mọ́.

Ọmọ náà ló wà lójú fóònù. Wọ́n wò ó, omi bọ́ lójú wọn, wọ́n fi fóònù mọ́ àyà. Wọ́n tún gbé e jáde, wọ́n wò ó wò ó. Wọ́n gbójú sókè wo Wẹ́dà. Wọ́n tún wo fóònù.

Iwájú orí ńlá. Ojú kan dì pa, ojú kan là sílẹ̀, bí ẹni tó ń yẹra fún iná tó ń ta.

Wẹ́dà ti ń rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ta ló jọ?"

Ìyá Télọ̀ kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ẹjọ́ mìíràn."

Kábíyèsí gba fóònù, wọ́n wo ọmọ náà, wọ́n wo Wẹ́dà nínú ẹ̀wù alápá mẹ́ta rẹ̀. Wọ́n dá fóònù padà.

"A ti rí ẹjọ́ náà, a sì ti dá a," ni wọ́n wí. "Ìyá Télọ̀, èyí tó wà nínú fóònù yẹn, má dá àpúdéètì tiẹ̀ dúró o. Jẹ́ kó máa tún ara ẹ̀ ṣe lọ bó bá ṣe ń dàgbà."