Bí Tẹlifíṣàn Wa Ṣe Di Àwẹ̀ró

Ọjọ́ kan wà tí kò tíì tán lọ́kàn mi, kò sì jọ pé ó máa tán: ọjọ́ tí wọ́n ń sọ ọmọ àbúrò mi lórúkọ ní Kánádà, tí èmi wà ní Bódìjà níbí tí mo ń ṣe ọ̀gá ẹ̀rọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà, mo máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí n tó dáhùn, torí bí n kò bá tètè rẹ́rìn-ín, nǹkan mìíràn ni màá ṣe.

Kí ẹ lè mọ ìdí tó fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìyá mi. Tóyìn ni àbúrò mi kan ṣoṣo, ọmọbìnrin tó bí yìí sì ni ọmọ-ọmọ tí Mọ́mì máa kọ́kọ́ rí. Oyún ò tíì hàn síta tí Mọ́mì ti ń di ẹrù. Wọ́n ra ọṣẹ dúdú, wọ́n ra òrí, wọ́n ra kànìnkànìn tuntun, torí pé bí ọmọbìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ ní í lọ bá a wẹ ọmọ. Àwọn tó ń fúnni ní físà ò rò ó bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ̀ fún Mọ́mì jálẹ̀. Ìyá ọkọ Tóyìn, tí a máa ń pè ní Màmá Abẹ́òkúta, rí físà tiwọn gbà, àwọn ló sì wà lọ́hùn-ún tí wọ́n ń wẹ ọmọ.

Mọ́mì ò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún: kí wọ́n jẹ́ kí àwọn fún ọmọ ní oríkì. Màmá Abẹ́òkúta ní kò burú, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Mọ́mì wá pè mí sí yàrá, wọ́n sọ oríkì náà fún mi, èmi nìkan. Àwẹ̀ró ni. Ẹni tí a wẹ̀, tí a sì ró láṣọ. Wọ́n ní, "Níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ mi ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, orúkọ yẹn ni yóò bá mi wẹ̀ ẹ́."

Tóyìn ní ká kàn lo fóònù. "Bọ̀dá mi, fóònù ti tó. Ẹ ṣáà gbé e sí Mọ́mì lọ́wọ́."

Fóònù kẹ̀? Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tẹlifíṣàn tuntun dé láti Dùgbẹ̀, tí ohun tó bá wà lójú láptọ́ọ̀pù mi ń gba afẹ́fẹ́ lọ bá a láìsí wáyà? Mo ti fi wo bọ́ọ̀lù, mo ti fi wo fíìmù, mo ti fi ṣe fáàrí fún gbogbo àlejò tó wọlé wa. Mo sọ fún Tóyìn pé, "Mọ́mì ò ní máa wo ọmọ-ọmọ wọn bí ẹni ń wo fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Màá gbé ọmọ yẹn tóbi bí ògiri!" Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò rí ẹlòmíràn tí mo lè tì í sí lọ́rùn.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Mọ́mì wọ léèsì tí wọ́n rà nítorí ìrìn-àjò tí wọn ò lọ. Wọ́n jókòó síwájú tẹlifíṣàn pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wọn méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì. Àárọ̀ ni lọ́dọ̀ Tóyìn, ọ̀sán ni lọ́dọ̀ tiwa. Mo ṣí láptọ́ọ̀pù, Tóyìn àti ọmọ yọ, mo tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí àwòrán fò sórí tẹlifíṣàn. Tẹlifíṣàn ṣú dùdù. Mo ní, "Ó ń bọ̀, Mọ́mì." Mo tún un tẹ̀. Kò mà bọ̀.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ igbe láti ìsàlẹ̀: "Háà! Ọmọ rèé o! Ọmọ jòjòló! Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin ará òkè!"

Alhaja tó ń gbé nísàlẹ̀ wa ni. Wáífáì kan náà la jọ ń lò, èmi ni mo sì bá wọn to tẹlifíṣàn tiwọn. Orúkọ tí mo fún un ni Pálọ̀. Orúkọ tí mo fún tiwa náà ni Pálọ̀. Nínú Pálọ̀ méjèèjì, ti Alhaja ni mo tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Alhaja ṣe rí ojú ọmọ kí ìyá àgbà rẹ̀ tó rí i. Mọ́mì yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ọmọ ta ni wọ́n rí?" Mo sáré wá Pálọ̀ tiwa.

Mo tún un ṣe, ó sì wá. Ọmọ náà kún tẹlifíṣàn láti igun dé igun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rogodo. Mọ́mì dìde, wọ́n lọ fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà lójú dígí. Bí mo bá lè dá ọjọ́ náà dúró síbẹ̀ ni, ǹ bá dá a dúró.

Àlùfáà wọn lọ́hùn-ún bẹ̀rẹ̀ ètò, ni ariwo kan bá sọ: wíììì! Ohun tí tẹlifíṣàn bá sọ, láptọ́ọ̀pù á gbọ́ ọ, á tún dá a padà sí Kánádà, Kánádà á tún dá a padà fún wa. Gbogbo ènìyàn di etí mú. Mo ronú díẹ̀, ọgbọ́n kan sì sọ sí mi nínú. Ìsúnmọ́ra ló ń fa ariwo, kí n gbé láptọ́ọ̀pù jìnnà sí tẹlifíṣàn. Mo gbé e lọ sí ilé ìdáná, mo gbé e lé orí fìríísà. Ariwo dáwọ́ dúró, àwòrán ò sì kúrò lójú tẹlifíṣàn. Àwọn ọ̀rẹ́ Mọ́mì pàtẹ́wọ́ fún mi. "Ọmọ yín yìí mọ nǹkan o!" Mo tẹríba, mo gba oríyìn.

Kò sí ẹni tó rò ó, èmi tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún pàápàá ò rò ó. Tẹlifíṣàn ò létí. Láptọ́ọ̀pù ló létí, òun náà ló lójú, mo sì ti gbé ojú àti etí lọ sórí fìríísà.

Mo dúró ní ilé ìdáná kí n lè máa ṣọ́ láptọ́ọ̀pù, kí n sì máa ṣọ́ ẹran tí à ń dín fún àwọn àlejò. Mo kọ ẹ̀yìn sí láptọ́ọ̀pù, mo kọjú sí ẹran. Mo gbọ́ tí àlùfáà ń sọ láti inú tẹlifíṣàn ní pálọ̀ pé, "Ó ku Mọ́mì Ìbàdàn. Mọ́mì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún ọmọ ní oríkì." Mo gbọ́ tí Mọ́mì wú ikọ́ díẹ̀, tí àdúrà bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Inú mi dùn. Mo mú ẹran kan.

Bí mo ṣe fẹ́ gé e jẹ ni Alhaja gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Wọ́n kí mi kú oríire, wọ́n yin ẹwà ọmọ, wọ́n wá rántí ohun tó gbé wọn wá. Láti àná ni pọ́ǹpù tó ń fa omi kànga wa ò ti ṣiṣẹ́.

"Ọmọ mi, nǹkan yẹn ńkọ́? Báwo ló ṣe wà báyìí?"

"Háà, Alhaja, ó ti kú."

"Ó ti kú kẹ̀?"

"Ó ti kú pátápátá, mà. Láti àná ni kò ti mí. Mo gbọ̀n ọ́n títí, mo lù ú, pàbó. Ẹ jẹ́ ká kàn gbé e sọ nù, ká wá òmíràn."

"Bó ṣe dáa nìyẹn jàre. Wàhálà rẹ̀ ti pọ̀ jù."

Tóyìn ló padà sọ bí ó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwọn fún mi. Wọ́n ń retí Mọ́mì, ẹ̀yìn ọkùnrin kan àti ìkòkò epo ni wọ́n ń rí. Àlùfáà di ṣíbí oyin mú, ó ń sọ pé, "Mọ́mì, à ń gbọ́ o." Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ohùn mi ketekete pé ó ti kú. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ àlùfáà. Màmá Abẹ́òkúta já ọmọ gbà mọ́ra, wọ́n figbe ta: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Ní pálọ̀ tiwa, Mọ́mì ṣẹ̀ṣẹ̀ pe Àwẹ̀ró pẹ̀lú gbogbo agbára wọn ni. Wọ́n rí i tí gbogbo ará Kánádà ká ọwọ́ lérí, wọ́n gbọ́ "Ọlọ́run" láàárín ariwo, wọ́n sì dáhùn pé, "Àmín!" Wọ́n yíjú sí àwọn ọ̀rẹ́ wọn. "Ẹ ò rí i bí orúkọ náà ṣe wọ̀ wọ́n lára!" Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà ti tẹjú mọ́ àwòrán kékeré kan nísàlẹ̀ tẹlifíṣàn tipẹ́. Ó ní, "Ta ni ọkùnrin tó ń jẹ ẹran ní igun ibẹ̀ yẹn?" Èkejì ní ìpolówó ni. Ni tẹlifíṣàn bá ṣú.

Fóònù mi dún. Tóyìn ń sunkún. "Bọ̀dá mi, ta ló kú? Ta lẹ fẹ́ gbé sọ nù?"

"Pọ́ǹpù ni!"

"Pọ́ǹpù wo?"

Kí n tó ṣàlàyé tán, kí n tó sáré gbé fóònù dé ọwọ́ Mọ́mì, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Màmá Abẹ́òkúta ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ burúkú yẹn balẹ̀ sórí ọmọ. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ti gbàdúrà bò ó, tí wọ́n sì fún ọmọ ní oríkì, Àbẹ̀kẹ́, tí gbogbo ilé sì ti ṣe àmín. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi. Ìyá àgbà wo ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀?

Tóyìn bẹ̀bẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká fi tiyín kún un."

Mọ́mì ní, "Rárá o. Ọmọ kan, oríkì kan. Àbẹ̀kẹ́ náà dáa." Wọ́n kí Màmá Abẹ́òkúta dáadáa, wọ́n sì dá fóònù padà fún mi. Wọ́n wá rọra bi mí pé, "Ṣé wọn ò gbọ́ nǹkan kan nínú gbogbo ohun tí mo sọ?"

"Wọn ò gbọ́, mà."

"Àdúrà ńkọ́?"

"Wọn ò gbọ́ àdúrà náà, mà."

Mọ́mì yíjú sí tẹlifíṣàn. "Ó dáa. Tẹlifíṣàn ni mo sọ lórúkọ nìyẹn."

Àwọn ọ̀rẹ́ wọn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ìhà mú, Mọ́mì náà bá wọn rín in. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tán, Mọ́mì ò yéé fi etí ìró nu ojú. Láti ọjọ́ náà, bí àwọn ọ̀rẹ́ yìí bá wá kí wa, wọ́n á ní, "Ẹ bá wa tan Àwẹ̀ró, ká gbọ́ ìròyìn." Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, nǹkan á sì gún mi láyà.

Mo ti kọ́ ọgbọ́n. Mo ti mọ̀ pé kí ènìyàn tó bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, kó kọ́kọ́ wádìí ibi tí etí rẹ̀ wà. Ìyẹn ni mo máa ń sọ fún àwọn ènìyàn, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Èyí tí n kì í sọ ni pé àbúrò mi ti sọ fún mi pé fóònù tó. Èmi ni mo fẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún. Wọ́n sì pàtẹ́wọ́ náà.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Tóyìn pè. Ọmọ náà ti ń jókòó fúnra rẹ̀. Mọ́mì gbé fóònù sún mọ́ ojú, wọ́n ń pe Àbẹ̀kẹ́, Àbẹ̀kẹ́, ọmọ náà sì ń yí orí kiri pé ta ló ń pe òun. Àánú wọn ṣe mí. Mo mú rìmóòtù, mo sún mọ́ wọn.

"Mọ́mì, ṣé kí n gbé e sórí tẹlifíṣàn, kó lè tóbi? Mo ti mọ̀ ọ́n ṣe báyìí."

Wọn ò wo ẹ̀yìn. "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe kéré yìí, ó ń gbọ́ mi."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dénú.