Télọ̀ Lọ Gba Ẹsẹ̀

Yàrá ńlá kan ni, lẹ́yìn ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Ẹsẹ̀ ọmọdé, ẹsẹ̀ àgbà, ẹsẹ̀ tí kò tíì ní ọmọ ìka, gbogbo wọn ló so rọ̀ sára ògiri. Irin gbọọrọ méjì wà láàárín yàrá fún ẹni tó bá ń kọ́ ìrìn, maṣíìnì ìránṣọ àfẹsẹ̀tẹ̀ kan sì wà ní igun, tí wọ́n fi ń rán awọ tó ń de ẹsẹ̀ mọ́ itan. Ọkùnrin tó ń ṣe iṣẹ́ náà ò tíì pé ogójì ọdún. Ẹlẹ́sẹ̀ ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é, ìyá tó bí i nìkan ló ṣì rántí orúkọ rẹ̀.

Bàbá Télọ̀ fi èjìká ti ilẹ̀kùn wọlé, ọ̀pá méjì há a lábíyá. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti lọ láti ìsàlẹ̀ orúnkún. Ṣòkòtò dúdú onílà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ ló wọ̀, bẹ́líìtì ló dì í mú nídìí, ẹsẹ̀ òsì ṣòkòtò náà sì parí síbi tí ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀ parí sí.

ẸLẸ́SẸ̀: Bàbá, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó.

TÉLỌ̀: Mi ò wá jókòó. Ẹsẹ̀ ni mo wá gbà. Ẹ ní kí n wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òní ló di Ìṣẹ́gun kẹta.

ẸLẸ́SẸ̀: Ẹ má bínú. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tán. Ó ku díẹ̀ kíún.

TÉLỌ̀: (Ó wò ó láti orí délẹ̀.) Ó ku díẹ̀ kíún. Dókítà, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Ó pé ọdún mẹ́tàlélógójì tí mo ti ń ránṣọ. Tí mo bá sọ fún oníbàárà pé ó ku bọ́tìnnì, mi ò tíì gé aṣọ. Tí mo bá ní ó ku ká lọ̀ ọ́, mi ò mọ ibi tí aṣọ náà wà.

ẸLẸ́SẸ̀: Èmi kì í ṣe dókítà, Bàbá, n kì í sì í parọ́. Iná ló lọ láàárọ̀ àná...

TÉLỌ̀: Iná lọ.

ẸLẸ́SẸ̀: ...ẹni tó ń kó àtẹ́lẹsẹ̀ wá fún wa ò sì tètè dé...

TÉLỌ̀: Ẹni tó ń kó nǹkan wá ò tètè dé. Ó ku ẹyọ kan. Ẹ ò tíì sọ pé ìyàwó yín bímọ.

ẸLẸ́SẸ̀: (Ojú tì í.) Ìyàwó mi bímọ lọ́jọ́ Ẹtì.

TÉLỌ̀: Mo mọ̀. Ẹ kú ewu ọmọ. Lẹ́nu tèmi, ìyàwó mi ti bímọ nígbà mẹ́rìndínlógún. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé.

Ẹlẹ́sẹ̀ ò bá a jiyàn mọ́. Ó wọ inú lọ, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan jáde, tó ń dán, tó ní gígísẹ̀, tó ní ọmọ ìka márùn-ún. Bàbá Télọ̀ la ẹnu, ó sì gbàgbé láti pa á dé. Ó gba ẹsẹ̀ náà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń wo inú rẹ̀ bóyá òun á rí ojú ìránṣọ.

TÉLỌ̀: Ẹ ti gé e lóòótọ́.

ẸLẸ́SẸ̀: Mo sọ fún yín. Nọ́ọ̀tì kan péré ni mo fẹ́ dè.

TÉLỌ̀: (Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.) Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀rù ló ń bà mí. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ọmọ mi àgbà fẹ́ gbé maṣíìnì mi fún ẹni tó fẹ́ rà á. Ó ní ẹsẹ̀ òsì ni mo fi ń tẹ pẹ́dà, ẹsẹ̀ òsì sì ti lọ, kí n jókòó sílé kí n máa jayé. Ayé wo ni mo fẹ́ jẹ níbẹ̀? Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé maṣíìnì yẹn jáde, kí wọ́n kúkú gbé èmi náà.

ẸLẸ́SẸ̀: Wọn ò ní gbé e. Orí yín bá yín ṣe é, Bàbá. Lábẹ́ orúnkún ni wọ́n ti gé e. Tí orúnkún bá ti wà, kò sóhun tá ò lè tún ṣe. A kàn máa so ìyókù mọ́ ọn ni, ẹni tó bá rí yín lójú títì ò ní mọ̀.

TÉLỌ̀: Àwọn dókítà òkè náà ní àwọn á tún un ṣe. Nígbà tí ọkọ̀ gbá mi, wọ́n to egungun pọ̀, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ tì í, wọ́n fi nọ́ọ̀tì mẹ́fà dè é. Mo sọ fún wọn pé ibi tó ya yẹn ti pọ̀ jù fún àbùlẹ̀. Wọn ò gbọ́.

ẸLẸ́SẸ̀: Wọ́n gbìyànjú, Bàbá. Egbò ló kẹ̀. (Ó ń wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun fún kùkùté ẹsẹ̀ náà.) Ẹ tì í wọlé díẹ̀díẹ̀.

TÉLỌ̀: Ó há. Ẹ ò fi àyè sílẹ̀ fún ìsanra?

ẸLẸ́SẸ̀: Kùkùté ẹsẹ̀ kì í sanra, rírù ló máa ń rù. Tó bá ti ń mì nínú ẹsẹ̀ yìí, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá tún ń mì, ẹ wọ mẹ́ta.

TÉLỌ̀: Ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ń sọ. Tí èmi bá rán búláòsì tó dẹ̀ fún ìyàwó ilé, kí n wá ní kó máa wọ súwẹ́tà mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀?

Ẹlẹ́sẹ̀ de nọ́ọ̀tì tó kù, ó fà á wò, ó ní ó ti yá. Bàbá Télọ̀ dìde láàárín irin méjèèjì. Ó di wọ́n mú débi pé iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta.

ẸLẸ́SẸ̀: Ó yá, ẹ fi ẹsẹ̀ tuntun tẹlẹ̀.

TÉLỌ̀: Mo ti tẹ̀ ẹ́.

ẸLẸ́SẸ̀: Apá yín ló ń tẹ irin. Ẹsẹ̀ yín ò tíì kanlẹ̀.

TÉLỌ̀: Ó ti kàn án. Bàtà yẹn ló ga.

ẸLẸ́SẸ̀: Ẹ ò wọ bàtà, Bàbá.

Wọ́n wà níbẹ̀ títí. Ẹlẹ́sẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó tàn án, ó tiẹ̀ fi ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ ìrìn láti ògiri dé ògiri. Bàbá Télọ̀ ò yẹsẹ̀, ó ní tí òun bá tú ọwọ́ sílẹ̀, ilẹ̀ lòun máa bá ara òun. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu Ẹlẹ́sẹ̀, ó rò pé kí òun fi ìtàkúrọ̀sọ gbé ọkàn bàbá náà kúrò níbẹ̀.

ẸLẸ́SẸ̀: Ṣòkòtò yín yìí dáa o. Ẹ tún wé irú aṣọ kan náà mọ́ orí ọ̀pá kan.

TÉLỌ̀: Iṣẹ́ ọwọ́ mi. N kì í fi aṣọ ṣòfò.

ẸLẸ́SẸ̀: Wọ́n ní àwọn télọ̀ àtijọ́ ò nílò téèpù, pé ojú lásán ni wọ́n fi ń wọn èèyàn.

TÉLỌ̀: (Orí rẹ̀ wú.) Ẹ yí ẹ̀yìn padà. Ẹ dúró. Ìbàdí méjìdínlógójì. Itan mẹ́rìnlélógún. Gígùn mọ́kànlélógójì, àfi ẹsẹ̀ òsì tó fi ìdajì ínǹṣì kúrú.

ẸLẸ́SẸ̀: Kò kúrú. Bàbá, ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń wọn ẹsẹ̀ èèyàn.

TÉLỌ̀: Ẹ wọn tiyín.

Ẹlẹ́sẹ̀ fa téèpù yọ. Ó wọn ọ̀tún, ó wọn òsì, ó tún òsì wọn. Ó jókòó sórí àpótí.

ẸLẸ́SẸ̀: Ìdajì ínǹṣì. (Ó ń rò ó.) Ẹ wò ó, ẹnì kan ti sọ ọ́ fún mi rí, mo ní ojú rẹ̀ ò ríran. Télọ̀ ni òun náà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ilẹ̀kùn pupa.

TÉLỌ̀: (Ó yíjú sí ògiri.) Ilẹ̀kùn pupa pọ̀ nílùú.

ẸLẸ́SẸ̀: Ó pé oṣù mọ́kànlá tí mo gbé aṣọ fún un. Ìgbà mẹ́sàn-án ni mo lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fojú kàn án, ọkùnrin kan tó sanra, tó ní irùngbọ̀n. Ìgbà tó kù, wọ́n á ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, bẹ́ẹ̀ mo máa ń gbọ́ tó ń wúkọ́ nínú lọ́hùn-ún.

TÉLỌ̀: (Ó fọwọ́ pa àgbọ̀n rẹ̀ tí wọ́n fá kodoro.) Àìsàn máa ń gba ara lọ́wọ́ èèyàn. Ó máa ń gba irùngbọ̀n náà.

ẸLẸ́SẸ̀: Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, wọ́n ní wọ́n ti gbé e lọ sílé ìwòsàn. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi délé. Mo sọ fún ìyàwó mi pé irọ́ ọkùnrin náà ti le débi pé ó ti ń gbàtọ́jú.

TÉLỌ̀: Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, mo rò pé kí n máa lọ.

ẸLẸ́SẸ̀: Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rèé, mo máa ń mú un kiri. (Ó yọ bébà kékeré kan tó ti gbó nínú àpò àyà.) Ó so àjákù aṣọ náà mọ́ ọn, kí ó má baà gbàgbé. Ẹ wò ó, dúdú, onílà pupa tẹ́ẹ́rẹ́...

Ó wo àjákù aṣọ. Ó wo ṣòkòtò. Ó wo orí ọ̀pá. Ó rọra na àjákù náà lé orúnkún Bàbá Télọ̀, ilà bá ilà, ó sì wá ibi tí àjákù náà wà tì.

Bàbá Télọ̀ tú ọwọ́ sílẹ̀ lára irin, ó sì mú ọ̀nà ilẹ̀kùn pọ̀n.

ẸLẸ́SẸ̀: (Ó ń sáré tẹ̀ lé e.) Bàbá, ẹ dúró níbẹ̀. Rárá, ẹ má dúró. Gígísẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kanlẹ̀. Aṣọ tí ìyàwó mi rà fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni, gígísẹ̀. Ẹ gbé orúnkún sókè díẹ̀. Oṣù mọ́kànlá, Bàbá. Ó dáa gan-an. Ẹ má wo ilẹ̀, ẹ wo iwájú, ẹ wo ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ fẹ́ gbà sá lọ.

Bàbá Télọ̀ di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Ó bojú wẹ̀yìn. Ọ̀pá méjèèjì wà níbẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n fara ti irin.

TÉLỌ̀: Ta ló gbé mi débí?

ẸLẸ́SẸ̀: Ẹ̀yin lẹ gbé ara yín. Ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlá, mo kà á. (Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń nu ojú.) Inú yín ń bí mi o, Bàbá. Ẹ má rò pé kò bí mi.

TÉLỌ̀: (Òun náà ń nu ojú.) Ẹ gbọ́ mi. Mo ti rán an tán kí ọkọ̀ tó gbá mi. Nígbà tí wọ́n ní kí n jáde nílé ìwòsàn, òun ló wà lórí tábìlì, mi ò sì fẹ́ kí ṣòkòtò máa wọ́ nílẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ ò sí. Bọ́tìnnì ló kù. Ẹ wò ó, bẹ́líìtì ni mo fi dì í. Lọ́tẹ̀ yìí, bọ́tìnnì ló kù lóòótọ́.

ẸLẸ́SẸ̀: Ẹ sì ti gé e.

TÉLỌ̀: Mo ti gé e.

ẸLẸ́SẸ̀: Ẹ gé e jù, Bàbá. Ibo ni ìyókù wà?

Bàbá Télọ̀ nawọ́ sí orí ọ̀pá. Ó tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀, ó sì fi bíléèdì tú aṣọ tó wé mọ́ ọn. Ó bọ́ ṣòkòtò, ó ku péńpé nídìí rẹ̀, ó sì jókòó sídìí maṣíìnì tó wà ní igun. Ó gbé ẹsẹ̀ tuntun lé pẹ́dà. Kò yí. Ó tún un gbé, ó fi itan tì í láti òkè. Pẹ́dà náà ké, ó lọ síwájú, ó lọ sẹ́yìn, abẹ́rẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

TÉLỌ̀: Ẹ gbọ́ ọ?

ẸLẸ́SẸ̀: Mo gbọ́ ọ, Bàbá.

TÉLỌ̀: Ẹ bá mi pe ọmọ mi lórí fóònù. Kó gbọ́ ọ. Kó sọ fún ẹni tó fẹ́ ra maṣíìnì pé mo ṣì wà lórí rẹ̀.

Ẹlẹ́sẹ̀ tẹ nọ́ńbà, ó gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ kí ọmọ náà máa gbọ́. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ṣòkòtò tí kò tíì wọ̀ rí, tó ti pín sí ọ̀nà méjì.

ẸLẸ́SẸ̀: Bàbá, ẹ má tàn mí. Ṣé nǹkan yìí ṣì ṣeé tún ṣe?

TÉLỌ̀: Ibi tí mo bá ti rán an pọ̀ á jẹ ìdajì ínǹṣì. Ìdajì ínǹṣì náà lẹsẹ̀ òsì yín fi kúrú.

ẸLẸ́SẸ̀: Àwọn èèyàn ò ní rí ibi tẹ́ ẹ ti so ó?

TÉLỌ̀: (Kò gbójú sókè, ẹsẹ̀ tuntun ń lọ lórí pẹ́dà.) Orí yín bá yín ṣe é, Dókítà. Lábẹ́ orúnkún ni mo ti gé e.