Yìnyín Múṣé Rájí Tí Kì í Yọ́

Ẹni tó bá pàdé Rájí ní Ayétòrò lọ́dún tí ìjọba ti bodè pa, kó má kí i ní "ẹ káàárọ̀" o. Kò ní dáhùn. Múṣé Rájí, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni lédè Faransé, ni kí ẹ pè é, Abẹnu-bí-Faransé, ọkùnrin tó dé Kútọnu lẹ́ẹ̀mejì péré, tó dé tí kò rántí orúkọ tí wọ́n ń pe gbágùúdá mọ́.

Ohun mímu Kútọnu ló ń tà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọjà kò wọlé mọ́, Múṣé se ìṣápá, ó da ṣúgà sí i, ó rọ ọ́ sínú àwọn ìgò Faransé tó ti ṣófo, ó sì sọ ọ́ di ọ̀wọ́n.

Sẹ̀kínát nìkan ló ń dí i lọ́wọ́. Opó ni, soobo, omi ìṣápá kan náà, ló ń tà lábẹ́ igi òro ní gáréèjì, ibẹ̀ ni gbogbo awakọ̀ sì ń dà sí.

"Ohun mímu Faransé kì í yọ́ yìnyín," ni Múṣé ń pariwo. "Yìnyín mọ ẹni tó yẹ kó bẹ̀rù!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká dán an wò," ni Sẹ̀kínát wí.

"Bí tìrẹ bá ṣáájú yọ́, ṣé wàá fi igi òro sílẹ̀ fún mi?"

Sẹ̀kínát wo igi náà. Abẹ́ igi yẹn ló ti ń bọ́ ọmọ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo gáréèjì wà lára rẹ̀. "Mo gbà."

Ni Múṣé bá sáré lọ ra álọ́ọ̀mù, èyí tí à ń fi mú omi kànga tòrò. Ó funfun, ó ń dán, bí yìnyín gẹ́lẹ́ ló rí.

Màmá Ìbíyẹmí, ìyálọ́jà, to ife mẹ́ta sínú oòrùn: omi lásán, soobo, ohun mímu Múṣé. Wọ́n ju yìnyín sí méjì, Múṣé fọwọ́ ara rẹ̀ ju tirẹ̀ sí ẹ̀kẹta. Yìnyín méjì léfòó. Ti Múṣé rì gbòlù.

"Rájí, kí ni tìrẹ ń wá nísàlẹ̀?"

"Ìkúnlẹ̀ ló kúnlẹ̀, Màmá. Yìnyín tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni."

Kò pẹ́, ti inú omi yọ́ tán. Ti inú soobo rọra ń kéré, ó kù bí ẹyin aláǹgbá, òun náà bá lọ. Sẹ̀kínát bẹ̀rẹ̀ sí í kó ife rẹ̀ jọ, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Múṣé fò sókè. "Èmi tí oòrùn ń bẹ̀!"

"O kú oríire," ni Màmá wí. "Ooru mú mi. Gbé yìnyín náà wá kí n rún un."

"Háà! Yìnyín Faransé le jù fún eyín àgbà."

"Ìwọ rún un nígbà náà." Màmá tẹjú mọ́ ife. "Àbí kí ló dé tí ohun mímu rẹ tòrò lókè, tí pàǹtí ìṣápá wá kún ìsàlẹ̀?"

Múṣé ki ọwọ́ bọ ife. Kí ẹnu rẹ̀ lè dí, ó ju yìnyín sẹ́nu.

Ètè rẹ̀ súnkì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì wọlé. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, "fíìì" ló jáde, bí ìgbà tí táyà ń jò. Ó tu nǹkan náà sílẹ̀, ó ró kọ̀ọ̀! Jibril awakọ̀ he é, ó fi ahọ́n kàn án, ó ya ẹnu kòtò.

"Álọ́ọ̀mù rèé o!"

Ẹ̀rín gba gáréèjì kan. Sẹ̀kínát ló ṣàánú, ó bu omi fún un. Kí ó tó gba ife padà, ọkùnrin náà ti gba ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì Ìmẹ̀kọ sá lọ.

"Sẹ̀kínát, to ife rẹ padà," ni Màmá wí. "Òótọ́ ló sọ, yìnyín rẹ̀ kò yọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ́ lọ."