Orí Àwẹ̀ró àti Eṣúṣú Àbàtà

Ṣé ẹ mọ ibi tí àwọn àgbà ti mú òwe tí wọ́n fi ń kìlọ̀ pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí? Ilé wa ni. Àwọn kan á ní òwe náà ti wà kí wọ́n tó bí ìyá ìyá mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Èmi mọ orí tí wọ́n fá, mo mọ ẹni tó di abẹ mú, mo sì mọ ẹni tí eṣúṣú gbá létè mú.

Àwẹ̀ró ni olórí, ẹ̀gbọ́n ìyá bàbá mi. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó padà sílé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo, Ìbídùn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Ìbídùn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ irun dídì, orí ìyá rẹ̀ ló sì fi ń kọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan, ó di ṣùkú kan fún un tó wọ́ sápá òsì bí òrùlé tí ìjì fẹ́ gbé lọ. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Lọ́jọ́ kẹta, ibà gbé ọmọ náà lọ.

Láyé ìgbà náà, a kì í ṣọ̀fọ̀ ọmọdé ní gbangba. Bàbá Fátókun, àgbà ilé wa, pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ọmọ náà mọ́, kí ọkàn ìyá rẹ̀ lè balẹ̀. Àwẹ̀ró kò bá a jiyàn. Ó kàn kọ̀, kò tú ṣùkú náà. Oṣù kan kọjá, ó di márùn-ún. Kò rí oorun sùn. Irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í re níwájú, ó re lẹ́bàá etí, títí ó fi ku ṣùkú wíwọ́ yẹn nìkan láàárín orí. Àwọn aládùúgbò ń sọ pé orí rẹ̀ ti ń dàrú.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Ọláṣebìkan, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Bọ́mà dé. Ó sọ fún ẹbí pé nígbà tí àwọn dúró ní ilẹ̀ Íńdíà, òun rí àwọn oníṣègùn ibẹ̀ tí wọ́n ń to eṣúṣú sórí ẹni tí irun rẹ̀ ń re. Eṣúṣú á fa ẹ̀jẹ̀ tó ti bàjẹ́ mu, ẹ̀jẹ̀ tuntun á dé, irun á hù. Bàbá Fátókun bi í bóyá ó rí irun tó hù. Ó ní wọ́n ti kó àwọn lọ sójú ogun kí irun náà tó hù.

Ẹbí gbà bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Odidi àgbà méje ká ṣòkòtò àti ìró sókè, wọ́n dúró sínú àbàtà kí eṣúṣú lè wá mú wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n kó mẹ́sàn-án sínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n eṣúṣú kì í lẹ̀ mọ́ ibi tí irun bá wà, ó di dandan kí wọ́n fá ṣùkú náà. Ìyàwó Bàbá Fátókun ní ṣé kò yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi Àwẹ̀ró. Bàbá ní bí wọ́n bá bi í, kò ní gbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oorun tó ti ń sá fún Àwẹ̀ró wá gbé e lọ lórí ẹní. Orí wà níbẹ̀, olórí ò sí níbẹ̀. Wọ́n fi àdí pa orí náà kí abẹ lè máa yọ̀ lọ, Ọláṣebìkan sì rọra fá a.

Wọ́n to eṣúṣú sí i. Eṣúṣú kò fẹ́ àdí. Ọ̀kan yọ̀ wálẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e. Bàbá Fátókun bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe máa dì wọ́n mú, ni ọ̀kan bá gbá a ní ètè ìsàlẹ̀ mú. Kò lè pariwo, kí olórí má baà jí. Ó ń nàka sí ètè, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ sáré bu iyọ̀, ó dà á sí i kí eṣúṣú náà lè já bọ́. Ìdajì bọ́ sí bàbá lójú. Igbe tó ké, àwọn tó wà lódò gbọ́ ọ.

Àwẹ̀ró jí. Ó fọwọ́ kan orí. Ó wo ilẹ̀, ó rí ṣùkú náà nínú eruku, eṣúṣú méjì ń wọ́ lọ lórí rẹ̀. Ó mú un, ó gbọn wọ́n dànù.

"Ìbídùn ló dì í," ó ní. "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó kù sí mi lọ́wọ́ nìyí. Ta ló bi mí nínú yín?"

Ó mú abẹ nílẹ̀.

"Bàbá, ẹ jókòó. Ẹ fá tèmi lẹ́yìn mi. Lójú yín ni màá fá tiyín. Mò ń bi yín o. Ṣé kí n fá a?"

Ètè Bàbá Fátókun ti wú bí àkàrà. Ó kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Apárí ni tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ Àwẹ̀ró fi abẹ yí orí náà ká, kò fo ibì kankan. Ó kan Ọláṣebìkan. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fá a," ó ní, ó ń sunkún. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bi àwọn méjèèje lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, àwọn aládùúgbò rí i pé gbogbo ilé ti fárí. Lọ́dọ̀ wa, ọlọ́fọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n wọlé wá kí wa, wọ́n sì béèrè ẹni tó kú. Bàbá Fátókun tó ní kí a má dárúkọ ló fi ètè wíwú yẹn sọ ọ́.

"Ìbídùn ni."

Wọ́n jókòó, wọ́n bá Àwẹ̀ró sunkún ọmọ rẹ̀. Ó sùn lọ́jọ́ yẹn, kò sì sẹ́ni tó sún mọ́ orí rẹ̀.

Irun rẹ̀ padà hù nígbà tó yá. Ti gbogbo wọn hù, àfi ti Bàbá Fátókun tí kò ní tẹ́lẹ̀, àti ti Ọláṣebìkan tó mọ oògùn irun. Ṣùkú náà wà nínú àpótí mi di òní. Ó ṣì wọ́ sápá òsì. Bí ẹbí wa bá sì fẹ́ pinnu lórí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níjòkòó, àgbà ibẹ̀ á kọ́kọ́ fọwọ́ bo ètè rẹ̀, kó tó rán wọn létí pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí.